Alágbàfọ̀ àti Bọ́ọ̀sì Tó Ń Ṣọ̀fọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí apá Àǹtí Hannah ṣe lágbára tó, ẹ fún wọn ní bùláńkẹ́ẹ̀tì tó mu omi yó, kí ẹ sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n á lọ́ ọ sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á lọ́ ọ sí òsì lẹ́ẹ̀kan, èèrà tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní rí omi tó máa tọ́ wò nínú rẹ̀ mọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀ ní Òkè-Sopẹn, ní Ìjẹ̀bú-Igbó wa níbí. Èmi Lará, ọmọ àbúrò wọn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé tí mo fi ń lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́, mo sì fẹ́ràn láti máa fi wọ́n dá àpárá. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i dájú pé ọwọ́ wọn kò lè tó mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Apá yẹn nìkan kọ́. Àǹtí Hannah a máa ka àbàwọ́n bí ẹni ń ka lẹ́tà. Wọ́n á na ẹ̀wù kan sókè sí oòrùn, wọ́n á gbé e sí imú, wọ́n á ní, "Lará, bàbá yìí jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, oorun sì gbé e lọ kó tó jẹ ẹ́ tán." Mo ti gbìyànjú títí láti tàn wọ́n jẹ. Lọ́jọ́ kan mo ta sóbò sí ara táwẹ̀lì funfun, mo ní wáìnì ilé ìjọsìn ló dà sí i. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Sóbò ni. Atalẹ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìwọ lo sè é. Wá fọ̀ ọ́."

Ọkọ wọn, Bàbá Ernest, tísà ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọdún 2011 ló ṣẹlẹ̀, Bàbá Ernest sì ti lo ọdún mẹ́rin nínú ilẹ̀ nígbà náà. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ju ilé kan, àpótí ìwé mẹ́ta, àti bọ́ọ̀sì kékeré aláwọ̀ eérú tí wọ́n sọ ní Àdàbà. Àdàbà ni wọ́n fi ń gbé àwọn akọrin ilé-ìwé káàkiri, Àǹtí Hannah á jókòó níwájú, wọ́n á gbé ẹ̀wù àwọn akọrin tí wọ́n ti lọ̀ sí orí itan kó má baà rún.

Lẹ́yìn tí Bàbá Ernest lọ, Àdàbà bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Bí èèyàn bá ti yí sítíárìn rẹ̀ sí apá kan, á ní "hùùùùn" bí ẹni tí inú ń run.

"Ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi," ni Àǹtí Hannah sọ. Gbogbo àdúgbò sì gbà bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ń fi gbogbo nǹkan rẹ́rìn-ín, n kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Mo rí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń sọ pé, "Ó tó. Ó tó báyìí. Má sunkún mọ́."

Ó wá ku Bọ̀ọ̀dá Zechariah. Àbúrò Bàbá Ernest ni wọ́n, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹni gíga gbọọrọ tí háńkáṣíìfù funfun kì í wọ́n nínú àpò àyà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n nígbà tí Àǹtí Hannah wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Bí ìyàwó ilé kì í ti í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, Agùntáṣọọ́lò ni àǹtí mi sọ wọ́n láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń fọ ṣòkòtò kakí tí Agùntáṣọọ́lò ń wọ̀ lọ sílé-ìwé. Títí dòní "Ìyàwó wa" ni Bọ̀ọ̀dá Zechariah ń pè wọ́n. "Ọkọ mi" ni Àǹtí Hannah náà ń pè wọ́n padà. Tí ẹ bá gbọ́ "Ọkọ mi" yẹn ní ohùn kan báyìí, ẹ tètè wá ibi sá sí.

Ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Zechariah ni ẹbí fi Àdàbà sí. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á wá ta á jí. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yọ, wọ́n á fi háńkáṣíìfù nù ún, wọ́n á yọjú wo omi rédíétọ̀, wọ́n á sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé gbàà.

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Pípé ni."

Ọdún mẹ́rin gbáko, pípé ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n yọ sí wa nígbà tí a ń sá aṣọ, wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tó máa ra Àdàbà. Lọ́jọ́ Ajé ni yóò wá gbé e.

Àǹtí Hannah kò dá aṣọ sísá dúró. "Lèsí ó ní ẹ tà á, ọkọ mi?"

Bí mo ṣe gbọ́ "lèsí", ìyẹn "ta ni" ti Ìjẹ̀bú, mo fi agbọ̀n aṣọ bo àyà.

"Ìyàwó wa, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀, irin lásán ni. Ojú mi kò ríran ọ̀nà dáadáa mọ́. Ta ni yóò máa wà á?"

"Èmi."

Bọ̀ọ̀dá Zechariah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn kò mọ̀ pé oṣù mẹ́ta ni àǹtí mi ti fi ń yọ́ lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta! Mọ́tò àtijọ́ kan ni olùkọ́ wọn fi kọ́ wọn, èyí tí sítíárìn rẹ̀ le bí ọlọ, tó jẹ́ pé apá awakọ̀ nìkan ló ń yí i. Wọ́n ti gba ìwé àṣẹ. Wọ́n wọ inú ilé, wọ́n gbé e jáde, wọ́n fi lé Bọ̀ọ̀dá Zechariah lọ́wọ́. Ẹ̀rín náà gé bí ìgbà tí iná lọ.

"Ìwé kọ́ ló ń wa ọkọ̀," ni wọ́n sọ nígbẹ̀yìn.

"Ó dáa. Aṣọ funfun méjìlélógójì ló wà nílẹ̀ yìí tí mo fọ̀ fún àwọn ọmọ tí bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbé ọwọ́ lé lórí ní Efire ní Sátidé. Ìsìn bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Bí mo bá wa Àdàbà dé Efire kí agogo ìsìn tó dákẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò bá mi wà á, ẹ ò gbọdọ̀ tà á mọ́."

"Tí ẹ ò bá débẹ̀ kó tó dákẹ́ ńkọ́?"

Àǹtí Hannah wo Àdàbà. "Ẹ tà á."

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Efire létí ọ̀sà ní Wàtásáìdì! Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo ní kí n bá wọn yí Àdàbà, kó lè kọjú síta. Mo di sítíárìn mú, mo fà, mo fi orúnkún ti ilẹ̀kùn, mo fà, kò mira. Àdàbà kàn ń sunkún. Àǹtí Hannah tì mí kúrò, wọ́n sì yí i bí ẹni ń fún aṣọ.

"Ọwọ́ ìwé!" ni wọ́n ń pè mí títí a fi jẹun tán. "Ẹ wo ọwọ́ ìwé, ẹ̀bà ló lè yí."

Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tó fi le tó bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, mo jí ṣáájú gbogbo ilé nítorí mo ní iṣẹ́ kékeré kan láti ṣe ní ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn pamọ́ ná. Nígbà tí Àǹtí Hannah jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àdàbà. Bí wọ́n ṣe gbé èyí tó gbẹ̀yìn, wọ́n dúró. Àmì kan wà ní etí rẹ̀, kò tóbi ju èékánná lọ, ó dúdú, ó sì ń dán. Wọ́n gbé e sí imú.

"Lará, wá gbóòórùn nǹkan yìí."

"Ọ́ìlì mọ́tò ni, Àǹtí."

"Ọ́ìlì wo? Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í rùn báyìí. Èyí ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná sídìí ìkòkò." Wọ́n fi ọṣẹ fọ àmì náà, ó fi ara le kó tó lọ. Ojú wọn rẹ̀ sílẹ̀. N kò rí àbàwọ́n tó sá mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Wọ́n wá ń bá àmì náà sọ̀rọ̀: "Mo ti pàdé ẹ níbì kan rí. Mo mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n o ti pààrọ̀ aṣọ."

Bọ̀ọ̀dá Zechariah ti dé, ẹ̀wù wọn le gbagidi. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, wọ́n wo omi. "Pípé ni." A gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kó aṣọ wọlé, mo jókòó láàárín wọn bí ọmọ-ọba, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Àdàbà sì gbéra!

Ẹ̀yin èèyàn, inú mi dùn débi pé mo ń juwọ́ sí àwọn ewúrẹ́. Àǹtí Hannah jókòó ṣánṣán, wọ́n rọ sítíárìn mú, apá wọn méjèèjì le kankan. Gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa ló ń fún wa lọ́nà. Wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á yà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ. Bọ̀ọ̀dá Zechariah ń juwọ́ padà tìyìtìyì.

"Wọ́n mọ̀ mí," ni wọ́n ń sọ. "Tí èèyàn bá ti pẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba."

Mo bu ètè mi jẹ.

Ní ìlú Orù ni ọ̀kadà kan ti já wọlé sí iwájú wa láti inú àdúgbò. Àǹtí Hannah yí sítíárìn. Àdàbà kérora, "hùùùùn," àmọ́ kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi gbogbo ara fà á. Mo rí iṣan apá wọn tó yọ síta bí okùn ìsáṣọ. Bọ́ọ̀sì yí, ọ̀kadà kọjá ní ìbú ọwọ́ kan sí wa, táyà wa sì dúró létí gọ́tà. Bọ̀ọ̀dá Zechariah ti ń ka Sáàmù.

Nígbà tí gbogbo wa mí tán, Àǹtí Hannah sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo ti yí i kó tó yí. Lọ́jọ́ tí olóògbé ọkọ mi ń wà á, ọwọ́ kan ló fi ń yí i, ó máa ń fi ìkejì jẹ ẹ̀pà." Wọ́n wo ọwọ́ wọn méjèèjì. "Ẹ̀pà ni, Lará! Ṣé ẹni tí ń fún bùláńkẹ́ẹ̀tì ń jẹ ẹ̀pà?"

A tún gbéra, wọ́n ń rọra lọ. A kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi lu sítíárìn pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. "Rùfáì!"

"Rùfáì wo?" ni Bọ̀ọ̀dá Zechariah bi wọ́n.

"Rùfáì mẹkáníìkì ní Awà. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ti pàdé àbàwọ́n yẹn. Àmọ́ tirẹ̀ máa ń pupa, ó sì máa ń tètè lọ. Èyí jẹ́ ìyẹn tó ti darúgbó. Mo fẹ́ dúró níbẹ̀."

"Ìyàwó wa, aago mẹ́wàá ni ìsìn. Ẹ bá dúró, ẹ pẹ́. Ẹ bá pẹ́, mo ta ọkọ̀ náà."

Mo wo ojú àǹtí mi. Ọ̀nà Efire jìn, kọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Ọkọ̀ tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ ni yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá dúró. Bí wọn kò bá sì dúró, àfi kí apá yẹn máa jìjàkadì lọ títí, kí ọ̀kadà mìíràn má sì ṣe yọ.

"Tí mo bá pàdánù ẹ̀, kí n pàdánù ẹ̀ lójú ọ̀nà tó mọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n yà sí Awà.

Rùfáì wà lábẹ́ igi pẹ̀lú tíì rẹ̀. Ẹni bí ogójì ọdún ni, ó ní irùngbọ̀n kékeré kan, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò sí ohun tó ń kán an lójú ní ayé. "Màmá, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ wà á wá? Alihamudulilai!"

"Rùfáì, àyè ọ̀rọ̀ kò sí. Tẹ́tí." Wọ́n yí sítíárìn. *Hùùùùn.*

"Ó ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀gá wa," ni mo sọ.

Rùfáì gbé tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ó ń sunkún lóòótọ́, àbúrò. Àmọ́ òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ta ló ń tọ́jú ọkọ̀ yìí?"

Bọ̀ọ̀dá Zechariah tún táì wọn ṣe. "Èmi ni. Ní gbogbo Sátidé. Ọkọ̀ náà pé. Ọwọ́ obìnrin ló ń rí i pé ó le."

Wọn ì bá má sọ ọ́. Àǹtí Hannah ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. "Ọkọ mi," ni wọ́n wí, ní ohùn yẹn gan-an, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi ọwọ́ ọkùnrin bá wa yí i."

Bọ̀ọ̀dá Zechariah gòkè. Wọ́n fi ọwọ́ kan dì í mú. Wọ́n fi méjì dì í mú. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, wọ́n fà. Bọ́tìnnì kan fò lára ẹ̀wù wọn, ó bọ́ sínú tíì Rùfáì.

"Ẹ rọra, Bọ̀ọ̀dá," ni mo sọ. "Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ yín rí yín."

Rùfáì pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò wo omi. Ó nawọ́ sí ike kékeré kan ní kọ̀rọ̀, tí eruku ti bò débi pé kò jọ nǹkan kan. Ó fi àtàǹpàkò nu ara ike náà, ìlà méjì sì yọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. "Àárín ìlà méjì yìí ló yẹ kí ọ́ìlì sítíárìn máa wà. Bàbá, ìgbà wo lẹ ṣí èyí gbẹ̀yìn?"

Bọ̀ọ̀dá Zechariah yọjú wò ó. "Ṣé wọ́n máa ń ṣí ìyẹn ni?"

Rùfáì tú ìdérí rẹ̀. Ó ń wá àkísà, àmọ́ Àǹtí Hannah ti fa háńkáṣíìfù funfun báláú yọ nínú àpò àyà Bọ̀ọ̀dá Zechariah. Wọ́n fi igun rẹ̀ kan ìwọ̀nba tó kù nísàlẹ̀ ike náà. Igun háńkáṣíìfù dúdú. Wọ́n gbé e sí imú, ojú wọn sì tàn bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù.

"Òun nìyí! Òun ló ta sí aṣọ mi! Ẹ̀wà jíjóná!"

"Pupa ni a máa ń dà á sínú rẹ̀, Màmá," ni Rùfáì wí. "Páńpù kan ló ń tì í kiri nínú hóòsì, agbára rẹ̀ ló ń bá apá awakọ̀ yí táyà. Ìgbóná ló ń bà á jẹ́. Ó ń gbóná, ó ń tutù, lójoojúmọ́, títí tí agbára á fi tán lára rẹ̀. Rọ́bà á máa yọ́ sínú rẹ̀, irin á máa ha ara wọn, ẹ̀rún wọn á máa bá a yí bí iyanrìn. Ọ̀rinrin náà á wọ ọ́. Láti pupa á di ràkọ̀ràkọ̀ bí tíì, láti ibẹ̀ á dúdú. Hóòsì yín tún ń jò díẹ̀díẹ̀, ni páńpù bá ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Ohun tó ń ké hùùn nìyẹn. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, páńpù á kú, lẹ́yìn náà ohun tó ń yí táyà gan-an á tẹ̀ lé e. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ wà á débí. Awakọ̀ mìíràn ì bá ti sá fún un láti ọdún tó kọjá."

Gbogbo wa wo apá Àǹtí Hannah. Apá yẹn ló ti bo àṣírí Àdàbà mọ́lẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Zechariah wo aago. "Ó yé wa. Bu díẹ̀ kún un ká máa lọ."

"Ká bu kí ni kún un?" Àǹtí Hannah yíjú padà. "Ọkọ mi, omi ọṣẹ tó ti fọ aṣọ ogún, ṣé ó tún ń hó? Tí ẹ bá bu omi tuntun lé e, ṣé aṣọ yín á funfun? Dídànù ni wọ́n ń dà á! Ẹ fi omi ṣan abọ́, kí ẹ tó pọn òmíràn. Ẹni tó ń bu omi mímọ́ lé ìdọ̀tí, ìdọ̀tí ló sọ di púpọ̀. Rùfáì, dà á nù. Gbogbo ẹ̀."

Rùfáì ń wò wọ́n bí ẹni ń wo olùkọ́ rẹ̀. "Ọdún méjìlá ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi."

Abọ́ funfun tí wọ́n fi ń po búlúù aṣọ ni Àǹtí Hannah gbé jáde nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé e síbẹ̀. Rùfáì fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó tú hóòsì, nǹkan dúdú kan sì dà sínú abọ́ náà wọ̀ọ̀. Ó bu ọ́ìlì tuntun sínú ike, ó ní kí Àǹtí Hannah máa yí sítíárìn lọ sí ọ̀tún títí dé òpin, kí wọ́n tún yí i sí òsì. Èmi ló ń wo abọ́, mò ń kígbe bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

"Dúdú! Ó ṣì dúdú! Àǹtí, ó ti ń dà bí tíì! Ó ń pupa! Ó pupa o!"

Rùfáì dá hóòsì padà, ó fún ìdè rẹ̀ le níbi tó ti ń jò, ó bu ọ́ìlì dé àárín ìlà méjì. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu ọ́ìlì bíréèkì síbẹ̀ láéláé, rọ́bà inú rẹ̀ ni yóò jẹ run. Ó ta ẹ́ńjìnnì. Fọ́ọ̀mù funfun ń hó nínú ike náà, Àǹtí Hannah ń yí, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, títí fọ́ọ̀mù náà fi rọlẹ̀. Wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò sí hùùn kankan. A gbọ́ ohùn àkùkọ kan ní ìkejì òpópónà.

Àǹtí Hannah mú ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn. Ẹ̀rín àti omijé jọ wà lójú wọn. "Ó ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀," ni wọ́n sọ.

"Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni Bọ̀ọ̀dá Zechariah sọ, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti rọ̀ díẹ̀.

Ẹ wá wo ìjọ̀gbọ̀n! Apá tí bùláńkẹ́ẹ̀tì ti mọ́ lára wá bá sítíárìn tó rọ̀ bí síliki pàdé. Bí a ṣe jáde ní Awà, Àǹtí Hannah yí i bí wọ́n ṣe máa ń yí i, Àdàbà sì fò lọ sí ìdajì òpópónà. Bọ̀ọ̀dá Zechariah tún bẹ̀rẹ̀ Sáàmù láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ṣe é bí ẹni ń fọ aṣọ ọmọ ọwọ́!" ni mo pariwo.

"Ó yé mi!" Wọ́n mú ìka méjì méjì, wọ́n rọra dì í mú, Àdàbà sì tọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu kò gbà á mọ́. A kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, a forí lé Wàtásáìdì, igbó ń sáré kọjá ní ọ̀tún àti ní òsì. Wọ́n ń gba kọ̀rọ̀ bí ẹni ń jó. Wọ́n ń kọrin akọrin ilé-ìwé Bàbá Ernest, ohùn kejì ni Bọ̀ọ̀dá Zechariah mú, wọ́n rò pé n kò gbọ́.

"Lará, ẹ̀pà ńkọ́?"

"Kò sí ẹ̀pà, Àǹtí."

"Ọ̀la, wàá ra ẹ̀pà."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí aago mẹ́wàá lù nígbà tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọlé, tó gbé òórùn ẹja yíyan dání. Ọ̀nà di yanrìn. Yanrìn fẹ́ gba táyà lọ́wọ́ wọn, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, ó jáde. Ká ní ọ́ìlì dúdú yẹn ṣì ni, ibẹ̀ là bá wà títí ìsìn ìrọ̀lẹ́. A rí àwọn àwọ̀n tí wọ́n sá, a rí òrùlé ìjọ. Agogo ìsìn ti ń dún.

"Ó ń lù!" mo kígbe. "Àǹtí, ó ń lù!"

Wọ́n yí Àdàbà wọ ọgbà ìjọ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà. Agogo ṣì ń dún. Àwọn ọmọ méjìlélógójì yí wa ká, aṣọ funfun ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ìyá ìjọ ń dì mọ́ àǹtí mi. Lẹ́yìn náà ni agogo dákẹ́.

Bọ̀ọ̀dá Zechariah sọ̀ kalẹ̀, bọ́tìnnì wọn kan kò sí mọ́, eruku bo bàtà wọn. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ kan kóra jọ sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín yíyí lulẹ̀. Wọ́n lọ wò ó. Páálí ńlá tí mo lẹ̀ mọ́ ọn láàárọ̀ ni, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé:

MÀMÁ ṢẸ̀ṢẸ̀ MỌ ỌKỌ̀ WÀ. Ẹ SÁ FÚN Ẹ̀MÍ YÍN. BÀBÁ GÍGA TÓ WÀ NÍWÁJÚ Ń GBÀDÚRÀ LỌ́WỌ́.

Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá yé wọn ìdí tí gbogbo ayé fi ń juwọ́ sí wọn láti Ìjẹ̀bú-Igbó.

"Lará!"

Mo ti dé etí ọ̀sà kí wọ́n tó parí orúkọ mi. Ibẹ̀ ni mo sá pamọ́ sí, lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tí mo fi gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù. Ẹni tó fẹ́ ra Àdàbà ni wọ́n pè.

"Ẹ má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé mọ́," ni wọ́n ń sọ. "Rárá, kò bàjẹ́. Ó ti ní awakọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó wa." Wọ́n wá fi kún un bí ẹni ń fọ́nnu, "Àwa là ń fi ìka méjì wà á."

Títí di ìsinsìnyí, gbogbo Sátidé ni Bọ̀ọ̀dá Zechariah ṣì ń wá. Wọ́n á gbé Àdàbà sí ibi tó tẹ́jú, wọ́n á wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wo omi. Lẹ́yìn náà wọ́n á nu ike kékeré yẹn, wọ́n á wo ìlà méjì, wọ́n á ṣí i, wọ́n á fi igun háńkáṣíìfù funfun kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọn kì í sọ pé "Pípé ni" mọ́. Wọ́n á rìn wá sí ibi tí Àǹtí Hannah ti ń fọṣọ, wọ́n á na háńkáṣíìfù náà sí wọn, wọ́n á dúró bí ọmọ ilé-ìwé tó kó iṣẹ́ rẹ̀ wá fún tísà. Àǹtí Hannah á nu fọ́ọ̀mù ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, wọ́n á gbé e sí oòrùn, wọ́n á gbé e sí imú.

"Pupa ni, ọkọ mi."

Wọ́n á sì jù ú sínú omi ọṣẹ pẹ̀lú àwọn yòókù.